Àṣìṣe Tí Í Di Owó

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ti kan àpò mi, ó sì lè kan tiyín náà.

Ẹ̀yin aláṣọ mọ̀ pé bí aṣọ bá ti ní àbùkù, owó rẹ̀ a wálẹ̀. Sítáǹpù tí a ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bá dorí kodò, tàbí tí lẹ́tà kan já sílẹ̀ nínú rẹ̀, àwọn tí ń kó sítáǹpù jọ a máa du ú bí ajá ti í du eegun.

Ẹ má rò pé òkè òkun nìkan ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gba Tógò lọ́wọ́ àwọn Jámánì ní 1914, wọ́n kó sítáǹpù Jámánì tí wọ́n bá níbẹ̀ lọ sí ilé ìtẹ̀wé Ìjọ Àgùdà ní Lomé, kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ ìjọba tuntun lé e. Àwọn kan jáde tí a kọ “TOG” sí lára dípò “TOGO”. Ní Èkó wa níhìn-ín, ní 1893, wọ́n tẹ “HALF PENNY” lé sítáǹpù kọ́bọ̀ mẹ́rin, ó di ti eépìnnì. Àwọn kan gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Títí di òní ni wọ́n ń wá wọn.

Ti Amẹ́ríkà ló pabanbarì. Ní 1918, akọ̀wé báńkì kan, William Robey, san dọ́là 24 fún ọgọ́rùn-ún sítáǹpù ní Washington. Nígbà tí ó wò wọ́n, ọkọ̀ òfuurufú inú wọn dojú dé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó tà wọ́n ní dọ́là 15,000. Ní 2023, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là.

Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n ló ń mú owó wá. Ní 1962, nígbà tí wọ́n rí àṣìṣe lára sítáǹpù Dag Hammarskjöld ní Amẹ́ríkà, ọ̀gá àgbà ilé ìfìwéránṣẹ́ ní kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tẹ irú àṣìṣe náà, ó lé ní ogójì mílíọ̀nù. Ó pọ̀ lọ́jà, ó di yẹpẹrẹ.

Ẹ̀kọ́ yìí ni mo gbàgbé lọ́dún tó kọjá. Ọkùnrin kan bá mi ní Ẹdẹ níhìn-ín, nítòsí Ọjà Timi. Ó yọ sítáǹpù kọ́bọ̀ méjì kan, irú èyí tí ìjọba tẹ “ROYAL VISIT 1956” lé nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ ti èyí dorí kodò. Lójú mi, mo ti di Robey. Owó páànù tí a fẹ́ fi tún òrùlé ṣe, ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà, ni mo kà fún un. Nígbà tí ìyá àwọn ọmọ béèrè owó, mo ní kí ó fara balẹ̀, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń bọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ-ọmọ mi mú gíláàsì, ó wò ó. Ó ní, “Bàbá àgbà, òǹtẹ̀ pósọ́fíìsì ara rẹ̀, 1954 ni. Báwo ni lẹ́tà 1954 ṣe mọ̀ pé Ọbabìnrin ń bọ̀ ní 1956?”

Ẹnu mi wọhò. Wọ́n ti lo sítáǹpù náà tán kí ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kan tó jókòó sí yàrá rẹ̀, tí ó tẹ ọ̀rọ̀ lé e. Mo wá ọkùnrin náà títí, n kò rí i. Nígbà tí òjò dé, abọ́ la fi ń gbe omi nínú pálọ̀.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohun mẹ́ta. Èkíní, ẹ ka ọjọ́ tí ó wà lára òǹtẹ̀ pósọ́fíìsì, kí ẹ sì rí i pé òǹtẹ̀ náà ló wà lókè ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ lé sítáǹpù. Èkejì, ẹ má bó sítáǹpù kúrò lára àpò lẹ́tà àtijọ́, ẹ má sì rẹ ẹ́ sómi. Àpò náà ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ má ra ohun olówó ńlá láìsí ìwé ẹ̀rí àwọn onímọ̀, bí irú èyí tí Royal Philatelic Society ti London ń fúnni.

Bí àpótí lẹ́tà bàbá yín bá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ má dáná sun ún, ẹ má sì sáré tà á. Ẹ mú gíláàsì, kí ẹ pe ọmọdé tó mọ ìwé kà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ifẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.