Ọmọ onírú tí ó ní irú ń rùn

 

Ìyá kan ní Manigri ni ó fa ọ̀rọ̀ tí a ó sọ lónìí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní ilẹ̀ Faransé, ó ń kàwé. Ní ọjọ́ Sátidé, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa lọ sí ilé ìtajà ńlá kan tí àwọn ará Kòríà ti ń se oúnjẹ tà. Ọmọ náà a sì máa ya àwòrán oúnjẹ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lórí tẹlifóònù: ìkòkò dúdú kékeré kan tí ọbẹ̀ pupa ń hó nínú rẹ̀, ìrẹsì funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti àwọn àwo wẹ́wẹ́ tí wọ́n yí i ká bí ọmọ adìẹ. Ìyá náà gbé tẹlifóònù wá bá mi lẹ́yìn Misà, ó ní kí n bá òun wò ó. Ó bi mí bóyá ẹran ajá ni ó wà nínú ọbẹ̀ yẹn. Ó bi mí bóyá wọn kò kọ́kọ́ gbé e fún òrìṣà wọn kí wọ́n tó tà á fún ọmọ Kristẹni. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí. Kò parí. Ó ní nígbà tí ọmọ náà wá lo ìsinmi nílé, ó ti àwo ọbẹ̀ ilá sẹ́yìn, ó ní irú inú rẹ̀ ń rùn.

Irú ni ìyá yìí ń tà. Irú ni ó fi san owó lékọ́ọ̀lù ọmọ náà láti kíláàsì kìíní títí tí ó fi gba BAC.

Mo fẹ́ dá a lóhùn níbí, nítorí òun nìkan kọ́ ni ó bí ọmọ bẹ́ẹ̀ láàárín wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibi tí ọmọ náà ń lọ ṣe rí, nítorí àìmọ̀ ni ó ń bí púpọ̀ nínú ẹ̀rù wa. Ẹ ronú kan ibùdókọ̀ Bassila ní ọ̀sán, nígbà tí ọkọ̀ tí ó gba Savalou àti Bantè wá bá dúró kí ó tó forí lé Djougou. Oníyán wà níbẹ̀, onírẹsì wà níbẹ̀. Obìnrin Fúlàní gbé wàgáṣì pupa rẹ̀ sórí àtẹ. Ẹni tí ń ta kọfí àti ẹyin díndín wà nídìí tábìlì tirẹ̀. Ààrò kálukú lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì kan náà ni gbogbo oníbàárà ń jókòó sí. O ra iyán lọ́dọ̀ ẹnì kan, o ra wàgáṣì lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, o sì jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà tí o kò mọ̀ rí. Bí ẹ bá ti rí èyí, ẹ ti rí ibi tí ọmọ náà ń lọ. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé òrùlé ńlá kan bo gbogbo ààrò wọn, owó ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ gbà. Àwòrán oúnjẹ wà lókè ààrò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye rẹ̀. O nawọ́ sí èyí tí o fẹ́, o sanwó, wọ́n fún ọ ní nọ́ńbà. Nígbà tí nọ́ńbà rẹ bá yọ, ìwọ fúnra rẹ ni o máa lọ gbé oúnjẹ rẹ. Bí o bá jẹun tán, ìwọ náà ni o máa gbé àwo padà. Kò sí ìyàwó tàbí ọmọ tí yóò bá ọ gbé e. Mo mọ àwọn bàbá kan ní ìjọ yìí tí ebi yóò pa níbẹ̀.

Mo ti jẹun ní irú ibẹ̀ nígbà kan tí mo lọ kí àbúrò mi ní Paris. Mo nawọ́ sí àwòrán kan láìmọ orúkọ rẹ̀. Doenjang jjigae ni wọ́n ń pè é. Kí n tó gbé àtẹ náà dé orí tábìlì, imú mi ti mọ ohun tí ojú mi kò tíì mọ̀. Òórùn irú ni! Kì í ṣe ohun tí ó kàn jọ ọ́ lókèèrè. Ńṣe ni ó dà bí ẹni pé mo dúró ní ẹ̀yìnkùlé onírú ní Manigri ní ọjọ́ tí ó ń ṣí igbá. Nínú ọbẹ̀ náà ni mo ti rí wàrà sójà, irú èyí tí àwọn obìnrin wa ń dín tà lẹ́bàá ọ̀nà. Dubu ni àwọn ń pè é.

Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ nìyí. Ẹ̀yin ìyá ẹ mọ iṣẹ́ irú jù mí lọ, ẹ fara dà á fún mi. A máa se èso irúgbá láti òwúrọ̀ di alẹ́, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí èèpo rẹ̀ líle tó rọ̀. A gún un, a fọ èèpo rẹ̀ dànù, a tún un sè, a dà á sínú igbá tàbí agbọ̀n tí a fi ewé tẹ́, a bò ó kí ó má bàa tutù, ó di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Àwọn Fọ̀n ń pe tiwọn ní afitin, àwọn Bàrìbá ń pe tiwọn ní sonru. Àwọn ará Kòríà kò ní igi irúgbá. Ẹ̀wà sójà ni wọ́n ní. Wọ́n á sè é títí yóò fi rọ̀, wọ́n á gún un, wọ́n á mọ ọ́n bíi bíríkì, wọ́n á fi pòròpórò ìrẹsì so ó rọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á rì í sínú omi iyọ̀ nínú ìkòkò amọ̀ ńlá fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ohun tí ó bá kù nísàlẹ̀ ìkòkò náà ni doenjang. Wọ́n tún ní òmíràn tí kì í pẹ́, tí wọ́n ń pè ní cheonggukjang. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú ooru ti tó fún un, gẹ́gẹ́ bí ó ti tó fún tiwa. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti yẹ afitin àti sonru ti Benin wò, wọ́n ti yẹ cheonggukjang wò pẹ̀lú. Kòkòrò tíntín kan náà, tí ojú lásán kò lè rí, ni wọ́n bá tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Bacillus subtilis ni wọ́n sọ ọ́. Òun ni ó ń sọ ẹ̀wà líle di ohun aládùn, òun náà ni ó ń mú òórùn wá. Ẹni tí ó bá sá fún un ní Manigri tí ó sì ń fi owó euro rà á ní Faransé, ohun kan náà ni ó ń sá fún tí ó tún ń rà.

N kò fẹ́ kí ẹ fi ọmọ náà ṣe ẹlẹ́yà. Ní Seoul pàápàá àwọn kan kì í fẹ́ kí a se cheonggukjang nínú ilé, nítorí òórùn rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn àgbà ibẹ̀ ṣe. Ní ọdún 2013 wọ́n gbé kimjang lọ síwájú UNESCO, ìyẹn ni bí ìdílé àti aládùúgbò ṣe ń péjọ ṣe kimchi, ewé kábéèjì oníyọ̀ tí a fi ata pa tí a sì jẹ́ kí ó kan. UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 wọ́n tún gbé bí a ṣe ń ṣe doenjang àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, a sì kọ ìyẹn náà. Inú ìwé kan náà ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa wà láti ọdún 2008. Èmi kò dúró de UNESCO kí n tó jẹ ọbẹ̀ ilá mi, ṣùgbọ́n mo gbà pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò fi ìkòkò ìyá wọn pamọ́.

Wọn kì í sì í ṣe ẹni tí ó ti lọ́rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ogun jà ní Kòríà láti ọdún 1950 títí di 1953, ìyàn sì mú. Àwọn tí ń gbé lẹ́bàá àgọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà a máa wá ẹran inú agolo àti sọ́sèèjì tí ó jáde láti àgọ́, wọ́n á dà á sínú ọbẹ̀ ata àti kimchi. Ọbẹ̀ náà ṣì wà títí di òní, budae jjigae ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọbẹ̀ àgọ́ ológun. Ní ọdún 1960 tí ilẹ̀ Dahomey gba òmìnira, ìrẹsì kò tó wọn jẹ. Láàárín ọdún 1960 sí 1979 ìjọba wọn ń rọ àwọn ènìyàn kí wọ́n da bálì mọ́ ìrẹsì, kí wọ́n sì máa jẹ oúnjẹ ìyẹ̀fun, èyí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti Amẹ́ríkà. Àwọn olùkọ́ a máa ṣí abọ́ oúnjẹ ọmọ lékọ́ọ̀lù wò bóyá bálì wà nínú rẹ̀. Nínú ìyàn yẹn ni àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké tí ń ta oúnjẹ ìyẹ̀fun fún akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ sí i. Nítorí náà oúnjẹ tálákà ni ọmọ Manigri ń jẹ ní Faransé tí ó rò pé oúnjẹ ọ̀làjú ni.

Ata tí ó pupa bẹ́ẹ̀ nínú àwòrán náà ńkọ́? Kì í ṣe ti Kòríà, kì í sì í ṣe tiwa. Amẹ́ríkà ni ó ti wá, lẹ́yìn tí Columbus dé ibẹ̀ ní ọdún 1492. Ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí ni ó gbé e dé etíkun wa. Ní Kòríà, ìwé kan tí Yi Su-gwang kọ ní ọdún 1614 ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun àjèjì. Ṣáájú ìgbà yẹn kimchi wọn kò pupa, bẹ́ẹ̀ ni ọbẹ̀ àwọn baba ńlá wa kò rí ata rodo. Èyí máa ń ya àwọn ọmọ katikísímù lẹ́nu ju ọ̀rọ̀ àpótí Nóà lọ.

Ó ku ìbéèrè méjì tí ìyá náà gbé wá.

Ní ti ajá: àwọn kan ní Kòríà ti jẹ ẹ́ tipẹ́tipẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń jẹ ẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gúúsù Kòríà ṣe òfin tí ó de sísìn, pípa àti títà ajá fún jíjẹ, ìyà òfin náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2027. Kò sí nínú ìkòkò ọmọ yín ní Faransé. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Ní ti òrìṣà: àwọn ará Kòríà a máa gbé oúnjẹ síwájú àwọn baba ńlá wọn, ṣùgbọ́n inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é, ní ọjọ́ ìrántí òkú àti ní ọjọ́ ọdún, kì í ṣe nídìí ààrò ọjà. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Ìjọ Mímọ́. Paul Yun Ji-chung, Kátólìkì ará Kòríà, kọ̀ láti ṣe ètùtù náà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí ní ọdún 1791. Póòpù Francis kéde òun àti àwọn 123 mìíràn ní Ẹni Ìbùkún ní Seoul ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èrò Pọ́ọ̀lù Mímọ́ nípa ẹran tí a rà lọ́jà, kí ó ka orí kẹwàá ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì. Ìtọ́jú kékeré kan tí mo fẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ ni pé kí ó má ṣe gún ṣíbí tàbí igi ìjẹun rẹ̀ dúró ṣánṣán sínú ìrẹsì. Bí wọ́n ti ń ṣe é fún òkú nìyẹn, ó sì máa ń dun àgbà tí ó bá rí i. Bí àgbà bá wà nídìí oúnjẹ, òun ni ó ń kọ́kọ́ mú ṣíbí. Èyí kò yẹ kí ó ṣòro fún ọmọ tí a tọ́ ní Manigri.

Ohun tí ìyá náà kò béèrè ni èmi yóò fi kún un. Ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ nínú àwọn ọbẹ̀ wọ̀nyẹn, pàápàá ọbẹ̀ kimchi. Kristẹni lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé wa ní Bassila, Mùsùlùmí àti Kristẹni ni wọ́n jọ ń jẹ àwo kan. Bí ọmọ náà bá mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Mùsùlùmí dání, kí ó má jẹ́ kí ó ṣèèṣì jẹ ẹ́. Dwaeji ni orúkọ ẹlẹ́dẹ̀ ní èdè wọn. Kí ó béèrè kí ó tó sanwó.

Mo wá fẹ́ bi àwa àgbà léèrè: níbo ni ọmọ yìí ti gbọ́ pé irú ń rùn? Àwọn ìyá kan wà láàárín wa tí ń ti irú sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí àlejò bá ti Cotonou dé, tí wọ́n á fi kúùbù inú bébà se ọbẹ̀ àlejò náà. Ọmọ ń wò wọ́n. Àwọn bàbá kan ń bú ìyàwó wọn nítorí òórùn ilé ìdáná, wọ́n á sì jẹ ọbẹ̀ náà tán. Ọmọ ń gbọ́ wọn.

Mo ní kí ìyá náà má bá ọmọ jà lórí tẹlifóònù. Kí ó sọ fún un pé ní Sátidé tí ń bọ̀, kí ó fi ọbẹ̀ pupa sílẹ̀, kí ó ra doenjang jjigae, kí ó gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ó tó tọ́ ọ wò, kí ó sì fi èsì ránṣẹ́. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ti rí ẹni tí yóò bá a gbé nǹkan lọ. Kí ó sá irú náà gbẹ dáadáa, kí ó fi bébà wé e, kí ó tó dì í sínú ọ̀rá méjì, kí ẹrù onítọ̀hún má bàa gba òórùn. Wàgáṣì ni kí ó má fi kún un: òfin Yúróòpù kò gba ẹran tàbí wàrà lọ́wọ́ arìnrìn-àjò tí ó ti ọ̀dọ̀ wa dé, wọ́n á gbà á dànù ní ibùdó ọkọ̀ òfuurufú.