Ó Yẹ Kí Ayafọ́tò Kọ́ Ìlò Ìmọ́lẹ̀ Nílé Kí Ó Tó Ra Iná Olówó Ńlá

Àìgbọ́fá là ń wòkè, Ifá kan kò sí ní párá. Òwe yìí ni mo máa ń rántí nígbà tí ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ fọ́tò bá ń ráhùn pé àìní iná ńlá ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ òun dára. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, èrò tèmi ni pé àìmọ ìlò ìmọ́lẹ̀ ni. Ohun tí a ó sì fi kọ́ ọ kò wọ́n nínú ilé wa.

Ó ṣojú mi ní Ìdí-Àràbà níhìn-ín, ní àdúgbò ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó. Ẹ̀gbọ́n mi kan gba owó èsúsú ìyá wa, ó fi ra iná méjì. Ní ìgbéyàwó tí ó kọ́kọ́ gbé wọn lọ, òjìji imú ìyàwó nà dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, iwájú orí rẹ̀ sì ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Ọjọ́ ìgbéyàwó kì í padà wá kí a lè tún fọ́tò rẹ̀ yà. Owó ìyá wa lọ, oníbàárà náà sì lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ó tó jókòó sílé láti kọ́ ìlò ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ dán an wò. Ẹ gbé ẹyin kan sórí tábìlì lálẹ́, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Òjìji rẹ̀ yóò ṣú dùdù, ààlà rẹ̀ yóò sì hàn ketekete. Bí ẹ bá gbé tọ́ọ̀ṣì náà jìnnà ní ìlọ́po 2, ìmọ́lẹ̀ tí ń ba ẹyin yóò dín kù sí ìdá 1 nínú 4. Ẹ wá ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ síwájú tọ́ọ̀ṣì. Òjìji yóò rọ̀, nítorí pé gbogbo ara aṣọ náà ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde. Bí ẹ bá gbé abọ́ tánganran funfun sí ẹ̀gbẹ́ kejì, yóò dá ìmọ́lẹ̀ padà sí apá tí ó ṣókùnkùn. Lọ́sàn-án, fèrèsé yóò ṣe iṣẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé àbẹ́là tàbí àtùpà sún mọ́ aṣọ, kí ẹ má baà dá iná sọ ilé.

Àwọn kan yóò ní eré ọmọdé ni èyí. Wọn kò rántí Seydou Keïta ti ìlú Bamako, ní orílẹ̀-èdè Mali, tí ó ṣí ilé fọ́tò ní 1948. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó fi ya ọ̀pọ̀ fọ́tò rẹ̀ nínú àgbàlá, aṣọ bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ ń ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Kí ó tó kú ní 2001, wọ́n ti pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Paris àti New York.

N kò sọ pé iná ńlá kò wúlò. Òde alẹ́ kò ní fèrèsé, a kò sì lè gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì tẹ̀lé oníjó kiri agbo. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti mọ bí ìmọ́lẹ̀ ti ń ṣe ni yóò mọ irú iná tí ó yẹ kí òun rà, àti bí òun yóò ti lò ó.

Ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó kó owó èsúsú fún ọmọ yín, ẹ kọ́kọ́ ní kí ó fi ẹyin, tọ́ọ̀ṣì àti aṣọ funfun fi ohun tí ó mọ̀ hàn yín.