Owó Òde Kan Náà fún Gbogbo Ilé? Irọ́ Ni!

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká pa ewì òṣùpá àti lẹ́tà ìfẹ́ tì díẹ̀ nínú ìwé wa yìí, ká sọ ọ̀rọ̀ owó. Owó òde lórí ilé ni mò ń wí, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ kánsù ń pè ní tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì réètì. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti fẹ́ ṣí ojú ewé yìí kọjá. Wọ́n ní, "Kí ló kàn mí ńbẹ̀? Ṣé mo nílé ni?" Ó dáa. Bí wọ́n bá bu owó lé lánlọ́ọ̀dù rẹ, ṣé àpò ara rẹ̀ lo rò pé ó ti máa mú un? Orí owó yàrá rẹ ló ń bọ̀, ọmọ ìyá mi.

Nílé tí mo ń gbé nígboro, àwọn kan wá láti ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n lẹ bébà mọ́ ògiri wa. Wọ́n lẹ irú ẹ̀ mọ́ ilé tó tẹ̀ lé tiwa. Iye kan náà ló wà lórí méjèèjì. Ilé tiwa, yàrá mẹ́wàá ni, akẹ́kọ̀ọ́ ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, lánlọ́ọ̀dù á sì gba owó ọdún kan gbáko kó tó fún èèyàn ní kọ́kọ́rọ́. Ilé kejì, ilé alámọ̀ ni. Páànù orí ẹ̀ ti dípẹtà. Ìyá àgbà kan ló ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì, iwájú ilé náà ló sì ń sá láfún sí. Àwọn tó wá lẹ bébà ò wọ inú ilé kankan, wọn ò ka yàrá, wọn ò béèrè ẹni tó ń gba owó ilé lọ́wọ́ ẹnì kan. Mo bi ọ̀kan nínú wọn léèrè. Ó ní, "Dọ́gbadọ́gba la ṣe é, ká má baà rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ."

Dọ́gbadọ́gba kẹ̀! Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká sọ pé 5,000 náírà ni wọ́n bù lé ilé kọ̀ọ̀kan. Ká sọ pé yàrá kan nílé àwa akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ 40,000 lọ́dún: yàrá mẹ́wàá, 400,000. Ká wá sọ pé ìyá yẹn ní yàrá mẹ́rin, tó bá jẹ́ pé ó fi wọ́n háyà ni, ó lè rí 10,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: 40,000. Lánlọ́ọ̀dù ń san kọ́bọ̀ kan àti díẹ̀ lórí náírà kan. Ìyá àgbà ń san kọ́bọ̀ méjìlá àbọ̀. Ẹni tí kò rówó gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ló ń san ìlọ́po mẹ́wàá! Bẹ́ẹ̀, ká ní kọ́bọ̀ márùn-ún lórí náírà kan ni wọ́n ní kí kálukú san, lánlọ́ọ̀dù á mú 20,000 wá, ìyá á mú 2,000. Kánsù ìbá rí 22,000 dípò 10,000. Ìrẹ́jẹ yìí ò tiẹ̀ lérè fún ẹni tó ń ṣe é.

Òfin kò sọ pé ká máa bu owó léni bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, gbé ìdíyelé ilé àdáni lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, pé kí wọ́n fi mọ iye tí wọn yóò gbà gẹ́gẹ́ bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀. Ìdíyelé ni wọ́n wí o, wọn ò ní kí wọ́n máa lẹ bébà kiri. Nínú owó òde ilé ti àtijọ́, iye tí ilé lè pa wọlé lọ́dún ni wọ́n ń wò. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ wà ńbẹ̀: kíka yàrá, wíwo ògiri, bíbéèrè iye tí wọ́n ń gbà ládùúgbò.

Mo gbà pé iṣẹ́ náà le ní Ìbàràpá tiwa. Láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, láti Ìdèrè dé Tápà, agboolé ló pọ̀ jù. Bàbá tó kọ́lé ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ ti tú ká lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, ẹnì kan ló kù tó ń ṣọ́ ilé. Ta ni ẹ fẹ́ fún ní bíìlì? Ẹni tó wà nílé ni! Ẹni tó tálákà jù nínú ẹbí, tí kò rí ibi lọ, òun náà ni yóò san owó ilé tí ogún èèyàn jọ ni. Bí ìpàdé ẹbí bá sì dé nígbà ọdún, tọkọ̀-tọkọ̀ ni àwọn ará Èkó ń bọ̀, wọn ò ní béèrè risíìtì lọ́wọ́ ẹ̀ láti bá a pín in.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kékeré nìyí, kó bi àwọn ará Ẹ̀gbá, aládùúgbò wa. Owó orí tí wọ́n bù lé àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, ìròyìn tó wà nílẹ̀ ni pé àwọn agbowó a máa bọ́ aṣọ lára ọmọbìnrin láti fi mọ̀ bóyá ó ti tó ẹni tí ń san. Ìdíyelé tiwọn nìyẹn! Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin jọ ní 1947, kò sì dẹwọ́ títí Aláké Adémọ́lá fi sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́ ní 1949. Ní 1968 sí 1969, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà ní òkè mẹ́fà, ìyẹn 30 ṣílè, ni àwọn máa san, nítorí owó orí ń ga nígbà tí kòkó ò mówó wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi kí ìjọba tó gbọ́. Mi ò ní ká fọ́ ohunkóhun o. Mo kàn ń sọ pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń fojú díwọ̀n owó òde tí kì í dìjà.

Èkó náà jẹ ẹ́ níyà. Ní 2018, nígbà ìjọba Ambode, owó ilẹ̀ àti ilé fò sókè débi pé àwọn lọ́yà Ìkẹjà tú síta. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ìjọba gé ti ilé okòwò sí ìdajì. Nígbà tó di 2020, ìjọba Sanwo-Olu dá ti ilé tí onílé ń gbé fúnra rẹ̀ padà láti 0.076 sí 0.0394 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ilé tó. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ńbẹ̀ nìyí: Èkó ya ilé tí onílé ń gbé sọ́tọ̀ kúrò lára ilé tó fi ń pawó, ó sì yọ̀ǹda fún ẹni tó ti fẹ̀yìn tì nínú ilé tirẹ̀. Bí Èkó tó fẹ́ràn owó tó yẹn bá lè mọ ìyàtọ̀, kí ló ń ṣe àwa?

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní kí ẹnikẹ́ni má san rárá, pé bàbá àwọn ló po amọ̀ ilé, kánsù ò bá wọn gbé omi. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn, àmọ́ mi ò sí ńbẹ̀. Gọ́tà tó kún lẹ́yìn ọjà, ta ni kó kó o? Ní July 11, 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa bọ́ sọ́wọ́ wọn tààrà láti àpò ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó ń retí owó Àbújá nìkan, Àbújá ni yóò máa jíhìn fún. Bí ìyá àgbà bá san 2,000 tó tọ́ sí i, ó lẹ́nu láti béèrè gọ́tà.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa gbé lọ sí kánsù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Ìbàràpá, Àárín Gbùngbùn, Ìlà-Oòrùn àti Àríwá, kò pọ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ ilé, iye yàrá àti iye tí wọ́n bù lé e sínú ìwé kan, kí wọ́n gbé e síbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á, lédè Yorùbá. Kí n lè wo ti lánlọ́ọ̀dù mi, kí òun náà lè wo ti ọ̀gá tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sójú títì. Kí ẹni tí wọ́n bù tiẹ̀ jù sì mọ ọ́fíìsì tó máa lọ, kó má jẹ́ ẹni tó lẹ bébà náà ni yóò tún máa dá ẹjọ́.

Wọ́n á ní àwọn ò ní òṣìṣẹ́ tó lè ka ilé. Àwa ńkọ́? Ṣé a ò mọ̀ ọ́n kà ni? Ẹni tó bá fẹ́ bá mi ká àdúgbò Pákò àti Ìbẹ̀rẹ̀kòdó nígbà họlidé, kó kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́. Kó mú bírò àti tépù wá. Ilé ìyá yẹn la máa kọ́kọ́ wọ̀n.