Ajá Yín àti Ìgbín Inú Ọgbà

Ẹ̀yin abiyamọ wa tí ẹ ń sin ajá ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ṣọ́ra fún ìgbín aláìníkarahun tí í máa rìn lórí koríko lálẹ́. Aràn kan lè wà nínú rẹ̀. Bí ajá bá jẹ ẹ́, aràn náà yóò wọ ọkàn rẹ̀ àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ajá a máa wúkọ́, àárẹ̀ a mú un, ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lè má tètè dá. Ó lè pa á.

Kì í ran ènìyàn.

Ẹ má ṣe fi àwo àti ohun ìṣeré rẹ̀ sílẹ̀ níta mọ́jú. Ẹ tètè máa kó ìgbẹ́ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìgbín ti ń kó aràn náà. Kì í ṣe gbogbo oògùn aràn ni ó ká a. Dókítà ẹranko ni kí ẹ bi. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.