Íntánẹ́ẹ̀tì Kan Fún Odidi Ilé: Ẹ Jẹ́ Ká Tún Inú Ilé Ṣe Ná

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti èlé orí owó yíyá, kì í sì í ṣe ti àwọn tó jẹ gbèsè tí wọn kò yọjú. Ọ̀rọ̀ wáyà ni. Àwọn kan nínú wa ń sọ pé kí ẹgbẹ́ fa íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo wọ ilé tí a ń lò, kí ọ́fíìsì àti àwọn ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ jọ máa lò ó fún kọ̀ǹpútà àti fún tẹlifóònù. Àwọn mìíràn ní ìfowóṣòfò ni. Èrò tiwa nìyí: ó yẹ ká ṣe é, ṣùgbọ́n bí a kò bá kọ́kọ́ tún inú ilé ṣe, owó yóò bọ́ sómi lóòótọ́.

Kì í ṣe òní ni Èkó ti mọ wáyà. Ní 1886 ni wáyà abẹ́ òkun ti so Èkó pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù fún tẹlẹgíráàmù. Àwọn àgbà inú wa kò sì tíì gbàgbé ayé NITEL, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1985. Nígbà náà, ẹni tó bá ní tẹlifóònù nílé, gbogbo àdúgbò ló ń bá a ní in. Bí wọ́n bá sì fa ẹ̀ka rẹ̀ sí yàrá òkè, ẹni tó gbé e lókè yóò máa gbọ́ gbogbo ohun tí ẹni ìsàlẹ̀ ń sọ. Ní 2001 ni GSM dé, tí kálukú wá gbé tirẹ̀ sápò. Ó rọ̀ wá lọ́rùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni kálukú ti ń dá ra tirẹ̀, bí ẹni pé a kì í ṣe ẹgbẹ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2025, NCC gba àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù láàyè láti fi owó kún owó wọn, títí dé ìdá 50 nínú 100. Ẹni tó ń ta léèsì ní Balógun, tó ń fi àwòrán ọjà ránṣẹ́ sí oníbàárà lójoojúmọ́, ó mọ bó ṣe dun òun tó.

Ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwa fúnra wa. Kọ̀ǹpútà kan ni ọ́fíìsì wa fi bẹ̀rẹ̀. Ó di méjì, ó di mẹ́rin. Ráútà kékeré kan náà, tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́nu ọ̀nà, ni gbogbo wọn gbójú lé. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa wá fi íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì pe ẹni tó ń bá a rajà ní Guangzhou. Ní yàrá kejì, akọ̀wé ń fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́, ọmọ kan sì ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù. Ohùn ń já, ohùn ń padà. Ìyá gbọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àṣé àádọ́ta ni wọ́n wí. Bí kì í bá ṣe pé ó ní kí wọ́n kọ iye náà sílẹ̀ kí òun tó san owó, ẹkún ni ì bá fi padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn náà ni pé a lọ ra íntánẹ́ẹ̀tì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò yàtọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá bá wa wò ó ló là wá lójú. Ó ní ká rò ó bí Afárá Carter. Bí wọ́n bá fẹ afárá náà ní ìlọ́po méjì, tí ẹnu Ìdúmọ̀tà ṣì dí pa fún ọjà àti ọkọ̀, ta ni yóò tètè délé? Inú ilé wa ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà, kì í ṣe ìta.

Ọ̀rọ̀ ẹnu lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í gba àyè púpọ̀. Fíìmù kan ṣoṣo lè gba àyè ogún ènìyàn tó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè dúró. Lẹ́tà tó fi ìṣẹ́jú kan pẹ́ kò pa ẹnikẹ́ni lára, ohùn tó bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, ó ti di “Ẹ ní kí ni?” Nítorí náà, ráútà tí a óò rà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè fún ohùn lọ́nà ṣáájú, bí a ti ń yà fún ọkọ̀ tó gbé aláìsàn.

Ohun mẹ́rin ni a fẹ́ kí ìpàdé gbé yẹ̀ wò.

Èkíní, kọ̀ǹpútà tó bá jókòó sójú kan, kí a fa wáyà fún un. Ògiri ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó nípọn, Wi-Fi kì í kọjá nínú rẹ̀ dáadáa. Wáyà náà lè gùn tó 100 mítà kó ṣì ṣiṣẹ́, ilé wa kò sì gùn tó bẹ́ẹ̀. Kí a ra ojúlówó kọ́pà o, nítorí èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n kàn fi kọ́pà bò wà lọ́jà. Kí a fi Wi-Fi sílẹ̀ fún fóònù ọwọ́.

Èkejì, iná. Tẹlifóònù NITEL àtijọ́ ń gba iná tirẹ̀ láti inú wáyà. Iná ilé lè lọ kó ṣì máa dún. Ti íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ, ráútà kú, tẹlifóònù náà kú. Ẹni tó bá ra ráútà láìra bátìrì tí yóò gbé e dúró, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ẹ̀kẹta, ọ̀nà kejì. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ nítòsí Abidjan. Níhìn-ín l'Ékòó, báńkì pàápàá kò rójú ṣiṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ju káàdì fóònù rẹ̀ nù, kí á sì kọ nọ́ńbà àwọn oníbàárà wa sínú ìwé.

Ẹ̀kẹrin, àwa fúnra wa. Ẹni tí kò bá dá owó, kò gbọdọ̀ máa bá wa lò ó. Kí kọ̀ǹpútà tó gbé ìwé owó ẹgbẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀, kí Wi-Fi àlejò má ṣe dé ibẹ̀. A kò fẹ́ ẹni tí yóò máa gbọ́ tiwa láti yàrá òkè mọ́. Kí a sì ka ìwé ilé-iṣẹ́ tí a óò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa ká tó fọwọ́ sí i, bóyá ó gbà wá láàyè láti pín in fún ṣọ́ọ̀bù mìíràn.

Àwọn kan yóò ní, “Fóònù ọwọ́ mi tó mi.” A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ṣe ohun kan kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó dé: kí kálukú kọ iye tó fi ra dátà lóṣù yìí sórí bébà, kó mú un wá. A óò ro ó pọ̀ lójú gbogbo yín, a óò sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí íntánẹ́ẹ̀tì kan pẹ̀lú wáyà àti bátìrì yóò ná wa. Bí ti kálukú bá kéré jù ú lọ, a ó gbé ọ̀rọ̀ náà jù sílẹ̀. Bó bá pọ̀ jù ú lọ, a jẹ́ pé owó àjọ ni a ti ń dá láti ọjọ́ yìí, láìsí ẹni kankan tó ń kó o.