Tógò Kéré, Ẹnu Rẹ̀ Kò Kéré

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa tí wọ́n tọ́ ní Tudun Wada ní Minna mọ̀ pé ẹni tí kò pọ̀ níye a máa gbọ́ èdè aládùúgbò. Bẹ́ẹ̀ ni Tógò. Nígbà tí Mali ti ọmọ ogun Ivory Coast 49 mọ́lé ní July 2022, Tógò ló bá wọn dá sí i. Kí January 2023 tó parí, gbogbo wọn ti padà sílé.

Àwa ńkọ́? Lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní orílẹ̀-èdè Niger ní 2023, Nàìjíríà ti bodè, ó gé iná mànàmáná wọn. A tún bodè ṣí ní 2024, ológun ọ̀hún ṣì wà lórí àga! Àwọn oníṣòwò ẹnubodè ló jẹ ìyà rẹ̀.

Ìṣèlú abẹ́lé Tógò kò wù mí o. Ìdílé kan ló dì í mú láti 1967. Ẹnu tí wọ́n fi ń bá ará ìta sọ̀rọ̀ ni kí Àbújá yá.