Ẹ Má Fi Oògùn Àyà Títa Bo Àrùn Mọ́lẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tí a ń ṣe òwò ní Jos àti agbègbè rẹ̀ ni ó ka àyà títa àti àìdà oúnjẹ sí ohun kékeré. Oníṣòwò a máa ṣí ìsọ̀ ní kùtùkùtù, kò ní jẹun títí di alẹ́; bí ó bá sì jẹun tán, a sùn lé e lórí. Bí oókan àyà bá bẹ̀rẹ̀ sí ta á, yóò ra hóró oògùn méjì lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri, tàbí kí ó po káún, tí àwọn Hausa ń pè ní kanwa, mọ́ omi, kí ó gbé e mu. Bí ara bá ti tù ú, ó gbà pé ọ̀rọ̀ parí. Lójú tiwa, kò parí.

Òtítọ́ ni pé oògùn tí ń pa omi kíkan inú wúlò. Ṣùgbọ́n ìrora ni ó ń rọ̀. Kò kan ohun tí ó fà á. Ní ọdún 1982, àwọn dókítà méjì ní Australia, Barry Marshall àti Robin Warren, fi hàn pé kòkòrò kan ń gbé inú ikùn, òun ni ó sì ń fa púpọ̀ nínú ọgbẹ́ inú. Iṣẹ́ yìí ni ó fún wọn ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2005. Oògùn àyà títa kò lè pa kòkòrò náà. Àkànṣe oògùn tí dókítà yóò kọ fúnni ni ó ń pa á. Àwọn oògùn ara ríro bíi aspirin àti ibuprofen náà a máa dá ọgbẹ́ sí ikùn. Ẹni tí ó ń mu Mist Mag láti oṣù dé oṣù láìṣe àyẹ̀wò, ẹ̀tẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá.

Oògùn náà pàápàá ní ìlànà. Èyí tí ó ní magnesium lè fa ìgbẹ́ gbuuru. Èyí tí ó ní aluminium lè mú kí ìgbẹ́ le. Bí a bá lò ó pọ̀ mọ́ tetracycline, ciprofloxacin tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀, ó lè sọ agbára wọn di yẹpẹrẹ. Kí a bi apòògùn ní iye wákàtí tí ó yẹ kí ó wà láàárín wọn. Iyọ̀ sodium tí ó wà nínú káún àti nínú àwọn lẹ́búlẹ́bú tí ń hó nínú omi kò dára fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Kí aboyún àti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá kọ́kọ́ bi dókítà.

Bí a bá ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, ilé ìwòsàn ni ó kàn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má dúró rárá bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú bí ọ̀dà, bí ó bá ń bi ẹ̀jẹ̀, bí oúnjẹ kò bá gba ọ̀fun, tàbí bí ó bá ń rù. Àyà dídùn tí ó gba apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn sì ń bo ènìyàn, ó lè jẹ́ àrùn ọkàn. Lójú ẹsẹ̀ ni kí a gbé e lọ.

Ibi tí a ti ń ra oògùn náà ńkọ́? Kí Jos má gbàgbé ọdún 1990. Àwọn ọmọdé 47 tí a gbé dé Ilé Ìwòsàn Ńlá ti Yunifásítì Jos ni ìtọ̀ wọn dá, tí wọ́n sì kú, nítorí pé májèlé diethylene glycol wà nínú paracetamol olómi tí a fún wọn mu. Ìbàdàn náà fara gbá nínú àjálù yìí. Kí wá ni ti hóró tí kò ní páálí, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, tí oòrùn ti pa láti àárọ̀?

A rọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Plateau kí ó fi òpin sí ìkiri oògùn nínú ọkọ̀ àti ní ọjà. A sì rọ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa kí wọ́n pe apòògùn kan wá sí ìpàdé, kí ó fi èdè wa ṣe àlàyé. Ẹgbẹ́ tí ń dáwó láti gbé òkú lọ sílé, ó yẹ kí ó lè fi wákàtí kan sílẹ̀ kí a má baà tètè rí òkú gbé. Ajé ni ó gbé wa gun òkè Jos; ẹni tí ara rẹ̀ bá le ni yóò kó èrè rẹ̀ délé.